Ta Ló Ni Ojú Títì?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú fún oṣù yìí, nítorí pé ìdí ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń yí ká, bí ọ̀kan tilẹ̀ ti Lafiaji wá, tí èkejì ti Ṣómólú wá, tí ẹ̀kẹta sì ti Sùúrùlérè wá. Mo gé wọn kúrú, mo sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Belfast, ó ti lo ọdún kan àbọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Keje tó kọjá, ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé ni, oorun kò sì kun òun nítorí ìlù tí wọ́n ń lù kọjá níwájú ilé. Nígbà tó fẹ́ jáde lọ ra búrẹ́dì, ẹ̀wù bọ́ọ̀lù Super Eagles tí mo rà fún un ní Balógun ló wọ̀. Aládùúgbò rẹ̀ kan, obìnrin jẹ́jẹ́, ló dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ní kó dákun padà lọ bọ́ ọ, pé kì í ṣe irú òní ni wọ́n ń wọ àwọ̀ ewé ní àdúgbò àwọn. Ó ní wọ́n fi ọ̀dà pupa, funfun àti búlúù kun etí títì lọ́dọ̀ wọn, pé ògiri gíga kan wà lẹ́yìn ibẹ̀, pé bí èèyàn bá kọjá ògiri náà, àwọ̀ ewé ló kù tí yóò máa rí. Wọ́n ní Àgùdà àti Pùròtẹ́sítáǹtì ló ń bá ara wọn jà. Àgùdà ni èmi náà, Holy Cross ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún ọmọ yìí. Ṣé kò sí ewu? Kí ló wà nínú kí èèyàn wọ́de tó fi di ìjà? — Ìyá Nọ́ọ̀sì, Lafiaji.

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ọmọ o, ẹ sì kú àníyàn. Ìjà ọ̀hún kì í ṣe ti ọmọ yín, Àgùdà tí wọ́n sì ń sọ kì í ṣe irú Àgùdà tiwa ní Lafiaji, tí bàbá ńlá wọn ti Brazil bọ̀. Ní Àríwá Áyálándì, bí ẹnì kan bá ní Àgùdà ni òun, ohun tó sábà ń wí ni pé ọmọ Áyálándì ni òun, àti pé ó wu òun kí gbogbo erékùṣù náà wà lábẹ́ ìjọba kan ṣoṣo. Bí ẹnì kejì bá ní Pùròtẹ́sítáǹtì ni òun, ohun tó sábà ń wí ni pé abẹ́ adé Ìlú Ọba ni òun wà, òun kò sì kúrò níbẹ̀. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn tó ti ìdílé Àgùdà wá jẹ́ 45.7 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ti Pùròtẹ́sítáǹtì sì jẹ́ 43.5. Ẹ rí i pé kò sí èyí tó lè pe ara rẹ̀ ní onílé kó pe èkejì ní àlejò.

Ìtàn rẹ̀ kò le fún ọmọ Èkó láti mọ̀, nítorí pé ìjà oyè ni. Wọ́n ti lé James Kejì, tó jẹ́ Àgùdà, kúrò lórí oyè ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó di ọdún 1690 ló pàdé William ti Orange, tó jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì láti ilẹ̀ Họ́láǹdì, lójú ogun létí odò Boyne ní Áyálándì. Ẹ̀gbọ́n James obìnrin ló bí William yìí, ọmọ James obìnrin ni William sì fi ṣaya (ẹ má bi mí bí àwọn àgbà ìdílé ṣe gbà á láyè). William ló borí. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ àti àṣẹ dúró pa sọ́wọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n kó wá tẹ̀dó láti Scotland àti England. Ní ọdún 1795 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Orange Order sílẹ̀ ní agbègbè Armagh, wọ́n sì ń fi ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdọọdún wọ́de láti ṣe ìrántí ogun Boyne. Nígbà tí wọ́n pín Áyálándì sí méjì ní 1921, tí apá àríwá dúró sábẹ́ Ìlú Ọba, ìwọ́de náà kò jẹ́ ìrántí lásán mọ́. Ó di ọ̀nà láti sọ fún ẹnì kejì lọ́dọọdún pé, àwa la ṣẹ́gun, a sì wà níbí.

Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó mọ irú rẹ̀. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, kúrò lórí oyè. Ní ìparí ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Ogun Agídíngbì, wọ́n gbé Akíntóyè padà sórí oyè, Kòsọ́kọ́ sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ sá lọ sí Èpè. Títí di òní ni àwọn Èkó-Èpè ń ṣe ọdún Káyókáyó láti rántí bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀ síbẹ̀. Àwọn tó sá ló ń ṣe tiwọn, ilé ara wọn ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ká wá ní ẹ̀gbẹ́ tó lé wọn ló ń gbé ìlù àti àsíá lọ sí ẹnu ọ̀nà wọn lọ́dọọdún, tó ń kọrin ogun náà sí wọn létí ńkọ́? Ìyá wa, ẹ̀yin fúnra yín yóò mọ ohun tí ọ̀dọ́ ilé náà yóò fà yọ.

Bí ọmọ yín bá yọjú lójú fèrèsé, yóò rí àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù dúdú, tí wọ́n dé fìlà dúdú olórí roboto, tí ọ̀já aláwọ̀ ọsàn rọ̀ sí wọn lọ́rùn. Àwọn méjì a máa gbé aṣọ fífẹ̀ kan lórí igi, tí wọ́n ya William sí lórí ẹṣin funfun. Àwọn afọnfèrè a tẹ̀ lé wọn. Ìlù tí kò jẹ́ kí ọmọ yín sùn lè jẹ́ Lambeg, ìlù kan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó gbé e kọ́rùn kò lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀; awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi bò ó bíi tiwa, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n sì fi ń nà án ní ojú méjèèjì. Ní alẹ́ ọjọ́ 11, wọ́n a ti to pákó jọ bí ilé alájà, wọ́n a sì dáná sun ún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwọ́de ló ń wáyé lọ́dún kan níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí ẹni tó sọ òkò. Ojú ọ̀nà mélòó kan péré ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀.

Èyí tó lókìkí jù wà ní ìlú Portadown. Láti ọdún 1807 ni wọ́n ti ń lọ ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Drumcree ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ 12, wọn a sì gba òpópónà Garvaghy padà wọ ìlú. Oko ni apá ibẹ̀ nígbà náà. Ìlú wá fẹ̀, wọ́n kọ́ ilé sí i, àwọn Àgùdà ló sì kún ibẹ̀. Ní 1996, àwọn ọlọ́pàá dá ìwọ́de náà dúró. Rògbòdìyàn bẹ́ káàkiri àríwá fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọlọ́pàá kan náà sì yí ohùn padà, wọ́n ti àwọn ará àdúgbò sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí ìwọ́de kọjá. Lójú tèmi, àṣìṣe tó burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, nítorí pé ó kọ́ tọ̀tún tòsì pé ẹni tó bá lè da ìlú rú jù ni òfin ń gbọ́ tirẹ̀. Ní 1998, wọ́n tún dá a dúró, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ṣọ́jà àti ògiri irin. Ní òru mọ́júmọ́ ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún náà, ẹnì kan ju ìgò epo oníná sínú ilé kan ní Ballymoney, níbi tó jìnnà sí Drumcree, àwọn ọmọdé mẹ́ta, ọmọ ìyá kan náà, sì jóná mọ́lé. Láti ọdún yẹn títí di ìsinsìnyí, ìwọ́de náà kò gba Garvaghy kọjá mọ́.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọn ìbá fi rin òpópónà náà tán. Ẹni tó ń wọ́de ní ọ̀nà ọba ni, bàbá òun gba ibẹ̀, òun kò sì ní tọrọ ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ òun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ní òun kò sọ pé kó má kọjá, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wá jókòó ti òun, kó béèrè. Fún ọdún pípẹ́, ẹgbẹ́ náà kọ̀ láti bá àwọn aṣojú àdúgbò sọ̀rọ̀ lójúkojú, wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn tó ń gbé ìbọn ni wọ́n. Ohun tó wà nínú kí èèyàn wọ́de tó fi di ìjà nìyẹn, Ìyá wa. Ìbéèrè ni wọ́n ń bá ara wọn fà, kì í ṣe ìrìn.

Ní ti ọmọ yín, ogun láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó pa ènìyàn tó lé ní 3,500, ti rọlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní oṣù Kẹrin ọdún 1998. Kó gbé ẹ̀wù Super Eagles sínú àpótí láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, nítorí pé ewé àti funfun ni àwọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Celtic tí àwọn Àgùdà fẹ́ràn, kò sì sí ẹni tó máa dúró ka ohun tí wọ́n kọ sí àyà rẹ̀ kó tó bínú. Bí wọ́n bá bi í pé ilé ìwé wo ló lọ, ẹ̀gbẹ́ tó wà ni wọ́n ń wá. Kó ní Èkó ni òun ti kàwé. Ọjọ́ 12 jẹ́ ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀, ọkọ̀ a máa yí ọ̀nà padà, nítorí náà kó wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ìgbìmọ̀ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Parades Commission ti máa ń gbé ọ̀nà àti àkókò ìwọ́de kọ̀ọ̀kan síta. N kò ní purọ́ fún yín, ohun tí mo bẹ̀rù fún ọmọ dúdú níbẹ̀ ju ìlù Lambeg lọ ni irú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, nígbà tí ìwọ́de mìíràn, èyí tí wọ́n ṣe lòdì sí àwọn àjèjì, di rògbòdìyàn ní Belfast, tí wọ́n sì dáná sun ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ti òkèèrè wá. Bó bá gbọ́ pé irú èyí ń bọ̀, kó má jáde rárá. Obìnrin tó ní kó lọ pààrọ̀ aṣọ yẹn, kó mú un dání bí ẹ̀gbọ́n.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Olóòtú ọ̀wọ́n, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa. Àwọn ìdílé kan ní egúngún tí wọ́n ń gbé jáde lọ́dọọdún, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ni iwájú ibi tí a kọ́ mọ́ṣáláṣí sí ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ Jímọ̀ ni egúngún bọ́ sí, wọ́n kọjá nígbà tí ìrun ń lọ lọ́wọ́, àtòrì ba ọmọ kan tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́nu ilẹ̀kùn, òkò sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí ti ń sọ pé àwọn yóò fi ọkọ̀ dí títì lọ́dún yìí. Àwọn ọmọ eléégún ní kí wọ́n dán an wò. Kí ni òfin wí? Ṣé kí a lọ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá ni? — Akọ̀wé, Ṣómólú.

ÌDÁHÙN

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, òfin wà, ṣùgbọ́n kò ní ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó ṣe. Nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 38 fún oníkálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀, abala 40 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti péjọ, abala 41 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn káàkiri, abala 45 sì gba ìjọba láàyè láti fi òfin dín wọn kù nítorí ààbò àti àlàáfíà ìlú. Eléégún lè fi abala 38 gbè ara rẹ̀, onímọ́ṣáláṣí náà lè fi í gbè ara rẹ̀. Ní ti ìwé ọlọ́pàá, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti wí ní 2007, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá àti ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP, pé ará ìlú kò nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá kó tó péjọ. Kí ẹ fi tó wọn létí dára, kí wọ́n lè wá ṣọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí egúngún bá mú ìwé ọlọ́pàá dání kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí, ṣé ìyẹn ni yóò mú kí ọmọ tí àtòrì bà gbàgbé?

Àwọn tí mo dárúkọ fún Ìyá Nọ́ọ̀sì lókè yìí ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó gbọ́n. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1998 ló gbé Parades Commission ró. Ẹni tó bá fẹ́ wọ́de gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ 28 ṣáájú, ẹni tó bá fẹ́ jáde takò ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ 14 ṣáájú, ìgbìmọ̀ náà sì lè yí ọ̀nà padà, kó dín èrò kù, tàbí kó sọ irú ìlù tí wọn yóò lù àti ibi tí wọn yóò ti pa á. Ní oṣù Keje ọdún 2012, ẹgbẹ́ olórin kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà St Patrick ní òpópónà Donegall ní Belfast, wọ́n ń yípo, wọ́n sì ń fọn fèrè. Inú bí àwọn ọmọ ìjọ gidigidi. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbìmọ̀ náà pàṣẹ pé bí wọ́n bá dé iwájú ibẹ̀, kí wọ́n má lù ju ẹyọ ìlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń bá ẹsẹ̀ mu. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

Kì í ṣe pé àwa ò ní irú ètò yẹn tẹ́lẹ̀. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí Èyọ̀ yóò bá jáde ní Sátidé, láti ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ni Adímú yóò ti gbé akẹtẹ̀ dúdú jáde, Lábà yóò tẹ̀ lé e ní Mọ́ńdé pẹ̀lú akẹtẹ̀ pupa, Oníkò ní Túsìdé pẹ̀lú tirẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí dé ọ̀dọ̀ Àgéré. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kéde nìyẹn: ẹni tó bá rí akẹtẹ̀ dúdú mọ̀ pé òun ní ọjọ́ mẹ́fà láti múra. Mo rántí àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Èyọ̀ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyá mi jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó há orí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sí àárín orúnkún, ó ń fi ilarun tú sùkú tí wọ́n di fún un ní Àìkú, ẹ̀gbọ́n mi sì ń sunkún nítorí owó ló fi di í. Bàtà gbogbo wa wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé Èyọ̀ kò gbà kí èèyàn di sùkú tàbí kó wọ bàtà níwájú òun. Ní irọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, mo rí àlejò kan ní Ìdúmọ̀tà tó ń fi bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sáré, tí ọ̀pánbàtà ń lé e. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Èmi ò gbà pé ó jẹ̀bi. Àṣà tó bá fẹ́ kí àjèjì bọ̀wọ̀ fún òun gbọ́dọ̀ lahùn kí àjèjì gbọ́; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó máa rí irú ohun tí a rí ní Ṣàgámù ní oṣù Keje ọdún 1999, nígbà tí ọ̀rọ̀ alẹ́ Orò kan di ìpakúpa láàárín Yorùbá àti Hausa, tí ẹ̀san rẹ̀ sì tàn dé Kánò.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí títì. Ẹ lọ bá Alágbàáà fúnra rẹ̀ nílé ní oṣù méjì ṣáájú, kì í ṣe àwọn ọmọ tó ń gbé àtòrì. Ẹ bá Lèmọ́mù náà lọ́tọ̀. Ẹ má pè wọ́n sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ má sì pè wọ́n sí ọ̀dọ̀ yín bí ẹ bá ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn; ẹ wá àgbàlagbà kan tí àwọn méjèèjì ń kí. Ní Ardoyne, ní àríwá Belfast, wọ́n kọ̀ fún ìwọ́de kan láti padà gba iwájú àwọn ilé ìtajà ní 2013, àwọn tó ń wọ́de sì pàgọ́ sí ìtòsí ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tí ọlọ́pàá ń ṣọ́ wọn. Àwọn alárinà ló yanjú rẹ̀ ní 2016: wọ́n jẹ́ kí ìwọ́de kọjá lẹ́ẹ̀kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn náà, wọ́n tú àgọ́ ká, wọ́n sì gbà pé àwọn kò ní béèrè ọ̀nà ìpadàbọ̀ mọ́ títí tí àwọn yóò fi bá ará àdúgbò fẹnu kò. Ẹ rí i pé wọ́n kọ́kọ́ fún ẹni tó fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ ní ohun tí yóò mú lọ sílé. Eléégún yín náà nílò irú rẹ̀.

Ẹ béèrè ohun kékeré. Ẹ má sọ fún eléégún pé kó wá ọ̀nà mìíràn, nítorí pé ọ̀nà bàbá rẹ̀ ni, ó sì ṣáájú mọ́ṣáláṣí dé ibẹ̀. Ẹ ní kó jẹ́ kí aago mẹ́ta ọ̀sán Jímọ̀ lù kó tó dé ibẹ̀, kí bàtá dákẹ́ láti òpó iná kan dé òpó iná kejì, bíi ti St Patrick yẹn, kí atọ́kùn tó bá dàgbà sì gba àtòrì lọ́wọ́ àwọn ọmọ títí wọn yóò fi kọjá. Ẹ ní kí Lèmọ́mù náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí, kó kí wọn bí wọ́n bá ń kọjá, kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn má sì sọ̀rọ̀ egúngún nínú wáàsí ọ̀sẹ̀ náà. Ọmọ tí àtòrì bà, kí Alágbàáà rán ẹnì kan lọ kí ìyá rẹ̀ kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀. Bóyá ohun tí wọ́n ń dúró dè látọdún tó kọjá kò ju ìyẹn lọ.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n gbà mí sí yunifásítì ní ìlú kan ní Àríwá Áyálándì, àwọn kan ń pè é ní Derry, àwọn kan ń pè é ní Londonderry. Èwo ni kí n kọ, èwo ni kí n máa pè? — Akẹ́kọ̀ọ́, Sùúrùlérè.

ÌDÁHÙN

Kú oríire o. Doire, igbó igi óàkù, ni wọ́n ń pè é ní èdè Áyálándì láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fún ní ìlú náà ní 1613 ló fi London síwájú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ wí ní 2007 pé Londonderry ṣì ni orúkọ tó wà nínú òfin, bẹ́ẹ̀ Derry ló wà nínú orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀. Olóòtú rédíò kan níbẹ̀, Gerry Anderson, ló fi ṣe ẹ̀fẹ̀, tó pe ìlú náà ní Stroke City, nítorí ìlà dídagun tí wọ́n ń fà sí àárín orúkọ méjèèjì. Ìlú yìí kan náà ni ìwọ́de àwọn Apprentice Boys, ẹgbẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì kan, ti di ìjà ọjọ́ mẹ́ta ní oṣù Kẹjọ ọdún 1969, tí wọ́n sì fi kó ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì wọlé ní ọjọ́ 14. Àwọn ṣọ́jà náà kò parí iṣẹ́ wọn ní Àríwá Áyálándì títí di 2007. Lóde òní, àwọn tó ń wọ́de níbẹ̀ àti àwọn ará Bogside, àdúgbò àwọn Àgùdà níbẹ̀, ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìwọ́de náà sì ń lọ láìsí wàhálà púpọ̀.

Nínú fọ́ọ̀mù físà, kọ èyí tó wà nínú lẹ́tà tí yunifásítì fi ránṣẹ́ sí ọ, má fi lẹ́tà kan kún un. Bí o bá wọ takisí, pe orúkọ òpópónà tí o ń lọ, má pe ti ìlú.